Otto Gloria: Ọmọ Àgùdà tó fi ẹ̀gbẹ́ pápá gba ife ẹ̀yẹ fún Nàìjíríà

Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ tí rẹfirí fọn fèrè tí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí fi gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ sínú àwọ̀n Algeria ní pápá ìṣeré Surulérè, nílùú Èkó. Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 22, oṣù Kẹta, ọdún 1980 ni. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí wọ́n lọ sinmi, Ọdẹ́gbàmí kan náà tún gbá ẹ̀kejì wọlé. Wọ́n sinmi tán, wọ́n padà dé orí pápá, ní ìṣẹ́jú karùn-ún, Múdà Lawal fi ẹ̀kẹta lé e. Bí Nàìjíríà ṣe gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Òṣogbo àti Iléṣà kò tíì kúrò lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà náà. Ọmọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni gómìnà ìpínlẹ̀ náà pàápàá, Olóyè Bọ́lá Ìgè, ọmọ Ẹ̀sà-Òkè. Àwọn tí kò lè dé Èkó fetí sí rédíò, níbi tí Ernest Okonkwo ti ń ròyìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bí ẹni ń kéwì. Okonkwo yìí ló sọ àwọn agbábọ́ọ̀lù náà ní orúkọ inagijẹ tí wọ́n ń jẹ́ títí di òní. Òun ló pe Ọdẹ́gbàmí ní Mathematical, tó sì pe Christian Chukwu, balógun ikọ̀, ní Chairman. Orúkọ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wọ̀nyí kò sọnù. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù ni bàbá ẹni ọdún 63 tó tò wọ́n sórí pápá lọ́jọ́ náà, Otto Gloria, ọmọ ilẹ̀ Bràsíìlì.

Ìlú Rio de Janeiro ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 9, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1917. Kò lórúkọ ńlá nídìí bọ́ọ̀lù gbígbá. Ìdí bọ́ọ̀lù kíkọ́ ni ìràwọ̀ rẹ̀ ti yọ. Ó ti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ Vasco da Gama ní Rio kí ẹgbẹ́ Benfica ti ìlú Lisbon, ní orílẹ̀-èdè Pọ́túgà, tó ránṣẹ́ pè é ní ọdún 1954.

Ohun tó ṣe ní Benfica ló jẹ́ kí a mọ irú ènìyàn tó jẹ́. Nígbà tó débẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù ibẹ̀ ṣì fi bọ́ọ̀lù ṣe ohun tí ènìyàn ń ṣe lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Gloria ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó dá ilé kan sílẹ̀ tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń gbé pọ̀, tí a ti ń mójú tó oúnjẹ wọn, oorun wọn àti ìrìn ẹsẹ̀ wọn. Bọ́ọ̀lù di iṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun, wọ́n sì ń hùwà bí òṣìṣẹ́. Ó tún mú ọ̀nà ìtòsí kan wá láti ilé, èyí tí àwọn ará Bràsíìlì ti ń lò: mẹ́rin lẹ́yìn, méjì láàárín, mẹ́rin níwájú. Nínú mẹ́rin iwájú yẹn, méjì gbọ́dọ̀ fara mọ́ ìlà funfun tó wà létí pápá, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Láàárín ọdún 1954 sí 1959, Benfica gba líìgì Pọ́túgà lẹ́ẹ̀méjì, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tí Béla Guttmann, ọmọ ilẹ̀ Họ́ngárì, wá gba ipò rẹ̀, tó sì fi Benfica gba ife ẹ̀yẹ àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù ní 1961 àti 1962, orí ìpìlẹ̀ tí Gloria fi lélẹ̀ ló kọ́lé lé. Ọ̀rọ̀ ẹni tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ àti ẹni tó kan òrùlé yìí tún máa padà wá bá Gloria lórí ilẹ̀ Nàìjíríà, àmọ́ lápá kejì.

Ó lọ láti ẹgbẹ́ kan sí èkejì lẹ́yìn ìyẹn: Belenenses, Sporting àti Porto ní Pọ́túgà, Marseille ní ilẹ̀ Faransé. Ọdún 1966 ni gbogbo ayé wá mọ̀ ọ́n. Òun ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ Pọ́túgà tó lọ sí ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé ní England, ìgbà àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè náà yóò débẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kò lọ sí ìdíje ọdún náà rárá. Inú bí wọn pé wọn kò fún ilẹ̀ Áfíríkà ní àyè kan ṣoṣo tó dá dúró, wọ́n sì jókòó sílé. Síbẹ̀, ọmọ Áfíríkà ló tàn jù lọ níbẹ̀. Eusébio, ọmọ Mozambique tí Pọ́túgà ṣì ń ṣàkóso lé lórí nígbà náà, gbá bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án wọlé. Mário Coluna, balógun ikọ̀ náà, ọmọ Mozambique lòun náà.

Ikọ̀ yìí ló na Bràsíìlì ní àmì ayò mẹ́ta sí ẹyọ kan, tí Pelé fi káńgọ́ọ̀ kúrò lórí pápá, tí Bràsíìlì tó ti gba ife náà lẹ́ẹ̀méjì léra wọn sì padà sílé ní ìpele àkọ́kọ́. Ọmọ Bràsíìlì ló lé Bràsíìlì lọ. Nígbà tí wọ́n kojú Àríwá Kòríà, wọ́n ti jẹ wọ́n ní góòlù mẹ́ta sí òdo kí ojú tó là. Pọ́túgà kò yí ọ̀nà ìgbábọ́ọ̀lù wọn padà. Wọ́n ń bá ẹ̀gbẹ́ pápá lọ, wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù wọ àárín, Eusébio gbá mẹ́rin wọlé, wọ́n sì borí ní márùn-ún sí mẹ́ta. England ló dá wọn dúró ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Wọ́n na ikọ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì gba ipò kẹta. Ní ọdún 1968, Gloria tún kó Benfica dé àṣekágbá ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Yúróòpù ní Wembley, àmọ́ Manchester United nà wọ́n ní mẹ́rin sí ẹyọ kan lẹ́yìn àfikún àkókò.

Ìtàn kan wà tí àwọn ará Bràsíìlì kì í jẹ́ kó tutù nípa bàbá yìí, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ nítorí ó fi làákàyè rẹ̀ hàn. Ní ọdún 1973, ó ń kọ́ ẹgbẹ́ Portuguesa ní São Paulo, wọ́n sì pàdé Santos, ẹgbẹ́ Pelé, ní àṣekágbá ìpínlẹ̀ náà. Ọ̀mì ni wọ́n ta, ó di pẹnáritì. Lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti gbá mẹ́ta, Santos ti jẹ méjì, Portuguesa kò jẹ ọ̀kankan. Ó ṣì ku méjì-méjì, bẹ́ẹ̀ ni Portuguesa ṣì lè bá wọn dọ́gba. Ṣùgbọ́n rẹfirí ṣìrò, ó fọn fèrè pé Santos ti borí. Àwọn Santos bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Gloria kò bá rẹfirí jà, kò sì pariwo. Ó yára kó àwọn ọmọ rẹ̀ wọ mọ́tò, ó ní kí wọ́n máa lọ. Nígbà tí wọ́n fi rí àṣìṣe náà tí wọ́n ń wá Portuguesa kí wọ́n wá parí pẹnáritì, wọn kò sí ní pápá mọ́. Kò sí ohun tí àwọn aláṣẹ rí ṣe ju pé kí wọ́n pín ife náà fún ẹgbẹ́ méjèèjì. Ẹni tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù tán ló padà sílé pẹ̀lú ìdajì.

Ọ̀gbójú ọlọ́gbọ́n yìí ni Nàìjíríà gbà síṣẹ́ ní ọdún 1979. Ìlú Èkó kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì pátápátá fún ọmọ Bràsíìlì. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì ti ń padà bọ̀ wá sí Èkó, tí wọ́n kọ́ ilé wọn sí agbègbè Campos, tí a sì ń pè wọ́n ní Àgùdà. Ṣùgbọ́n Àgùdà ti bọ́ọ̀lù ni èyí, iṣẹ́ tí wọ́n sì gbé lé e lọ́wọ́ wúwo. Ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ń bọ̀ wá sílé. Nàìjíríà ti gba ipò kẹta ní 1976, wọ́n tún gba ipò kẹta ní 1978. Ọgbẹ́ oṣù Kọkànlá ọdún 1977 kò sì tíì jinná, nígbà tí Nàìjíríà fi orí ara rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n ara rẹ̀ níwájú Tùnísíà ní Surulérè kan náà, tí ọ̀nà ife ẹ̀yẹ àgbáyé fi dí. Kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ipò kẹta mọ́.

Gloria kò bá ilé òfìfo. Ọmọ ilẹ̀ Yugoslavia kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Tiko ti kọ́ Green Eagles láti 1974 dé 1978, òun ló kó púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà jọ. Ẹgbẹ́ Shooting Stars ti Ìbàdàn ti gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà fún àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ní 1976, Rangers ti Enúgu sì gba irú rẹ̀ ní 1977. Láti Ìbàdàn ni Ọdẹ́gbàmí, Lawal, Felix Owólabí àti aṣọ́lé Best Ogedegbe ti wá. Láti Enúgu ni Chukwu àti Aloysius Atuegbu. Ìjà ẹgbẹ́ méjèèjì yìí kì í ṣe kékeré nígbà yẹn. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni láti mú kí àwọn tí ń fojú ọ̀tá wo ara wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ máa gbá bọ́ọ̀lù fún ara wọn. Gloria tún ohun tó ṣe ní Lisbon ṣe: ó kó wọn pa mọ́ ní àgọ́, ó sì mú wọn rìnrìn àjò lọ sí Bràsíìlì láti lọ gbáradì.

Báwo ni ikọ̀ náà ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù? Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ní ọjọ́ àṣekágbá. Ogedegbe wà ní ẹnu ilé. David Adiele àti Okechukwu Isima wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lẹ́yìn, Chukwu àti Túndé Bámidélé sì dúró láàárín wọn. Lawal àti Atuegbu ló ni àárín pápá. Ọdẹ́gbàmí tó wọ nọ́mbà 7 wà létí ìlà lápá ọ̀tún, Adokiye Amiesimaka wà lápá òsì. Ifeanyi Onyedika àti Owólabí ló wà láàárín wọn níwájú. Ẹni tó bá rántí Pọ́túgà ti 1966 yóò rí i pé aṣọ kan náà ni wọ́n fi rán an.

Ohun gbogbo dá lórí àwọn méjì tó wà létí ìlà. Bí wọ́n bá ti fara mọ́ ìlà, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ọ̀tá tó ń ṣọ́ wọn kò lè fi wọ́n sílẹ̀ lọ ran ẹnì kejì rẹ̀ lọ́wọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ọ̀tá á fẹ̀, àlàfo á sì wà láàárín. Ọdẹ́gbàmí ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó ń ṣírò ìgbésẹ̀ bí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, òótọ́ sì ni pé ó kọ́ ọ ní Pólì Ìbàdàn. Ó lè ré ènìyàn kọjá lápá ìta kó sì gbé bọ́ọ̀lù wọ àárín. Ó sì lè yà wọlé fúnra rẹ̀ kó gbá a. Amiesimaka, tó di lọ́yà ní tirẹ̀, ń ṣe bẹ́ẹ̀ lápá kejì. Ìgbà tí gbogbo ojú bá wà lára wọn ni Lawal máa ń ti àárín sáré wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Bí ẹ bá wo àwọn tó jẹ góòlù ní ìdíje náà, ẹ ó rí i pé Lawal, ará àárín pápá, jẹ méjì, Isima tó jẹ́ ará ẹ̀yìn náà sì jẹ ọ̀kan. Ìtòsí tí ará ẹ̀yìn ti ń jẹ góòlù kì í ṣe ti ojo.

Síbẹ̀, ohun tí àwọn tó ń yin iwájú kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ni ti ẹ̀yìn. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún ni Nàìjíríà gbá, wọ́n jẹ góòlù mẹ́jọ, ẹyọ kan péré ni wọ́n sì jẹ wọ́n. Tànsáníà ló jẹ ẹyọ náà ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí Nàìjíríà nà wọ́n ní mẹ́ta sí ẹyọ kan. Láti ọjọ́ náà, àwọ̀n Ogedegbe kò mì mọ́.

Ọ̀nà náà kò sì fìgbà gbogbo dán. Ivory Coast bá Nàìjíríà ta ọ̀mì láìsí góòlù. Góòlù Isima nìkan ló ya Nàìjíríà sọ́tọ̀ sí Íjíbítì. Ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, Owólabí jẹ góòlù kan ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án níwájú Mòrókò, gbogbo ìyókù ọjọ́ náà sì di dídi ẹnu ọ̀nà mú. Lápá Ìbàdàn, ní pápá Liberty tí kò jìnnà sí Òṣogbo àti Iléṣà, Gánà tó gba ife náà ní 1978 ti jáde ní ìpele àkọ́kọ́. Ọjọ́ àṣekágbá nìkan ni ẹ̀kọ́ Gloria hàn kedere láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọjọ́ tó sì yẹ kó hàn gan-an nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀lẹ ni wọ́n nà. Rabah Madjer àti Lakhdar Belloumi wà nínú ikọ̀ Algeria náà, àwọn méjèèjì ló sì jẹ góòlù tí Algeria fi na Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì ní ìdíje àgbáyé ọdún 1982.

Ààrẹ Shehu Shagari, tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà lórí oyè, fún àwọn agbábọ́ọ̀lù náà ní ilé àti mọ́tò, ó sì fi oyè orílẹ̀-èdè dá wọn lọ́lá.

Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn ti wà lórí ẹni tó ni iṣẹ́ náà. Àwọn kan ní Tiko ló ni ín, pé òun ló kọ́ àwọn ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀gbẹ́ pápá, pé àsè tó ti jinná ni Gloria wá bù jẹ. Ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ nínú, ṣùgbọ́n kò pé. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ aláró ní Òṣogbo mọ̀ pé aṣọ kì í dúdú ní rírẹ ẹ̀ẹ̀kan. A ó rì í, a ó yọ ọ́, a ó sá a, a ó tún rì í. Tiko rẹ aṣọ yìí dé ìwọ̀n kan, ipò kẹta ni ìwọ̀n náà, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì dúró síbẹ̀. Gloria ló mú un dé ibi tó dúdú. Bákan náà, kí a má ṣe fi gbogbo rẹ̀ fún òyìnbó méjèèjì. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù ní Ìbàdàn àti Enúgu ti mọ bí a ṣe ń gba ife kí Gloria tó gúnlẹ̀ sí Èkó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò jẹ́ kí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ rí ẹnu sọ̀rọ̀. Ìyàn ife ẹ̀yẹ àgbáyé ọdún 1982 tún mú Algeria wá sí Surulérè ní oṣù Kẹwàá ọdún 1981. Bí Ọ̀ṣómàáló, oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè tí kò ní dìde títí tó fi gba owó rẹ̀, ni Algeria ṣe wá sin gbèsè ọdún 1980. Wọ́n na Nàìjíríà ní méjì sí òdo nílé, wọ́n tún nà wọ́n ní méjì sí ẹyọ kan ní Constantine. Algeria ti mọ̀ pé bí a bá ti dí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ikọ̀ náà kò ní ọ̀nà mìíràn tó ṣe gúnmọ́. Ní ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ti Líbíà ní oṣù Kẹta ọdún 1982, Nàìjíríà na Etiópíà ní mẹ́ta sí òdo. Algeria tún nà wọ́n, Zambia fi mẹ́ta sí òdo nà wọ́n, ẹni tó ni ife sì padà sílé ní ìpele àkọ́kọ́. Àṣìṣe Gloria wà níbẹ̀: ó gbọ́kàn lé ọ̀nà kan tó ti mú èrè wá jù. Iṣẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà parí lọ́dún náà.

Ẹni tó wá gba ikọ̀ náà lẹ́yìn ìyẹn ni Adégbóyè Onígbìndé, ọmọ Mọ́dákẹ́kẹ́, ní ilẹ̀ tó di Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní 1991. Ó kó ikọ̀ tí ọ̀dọ́ pọ̀ nínú rẹ̀ dé àṣekágbá ní Abidjan ní 1984, Kamẹrúùnù ló nà wọ́n ní mẹ́ta sí ẹyọ kan. Ó jẹ́ ohun ìwúrí pé ọmọ ilé lè ṣe ohun tí a ti ń náwó sí láti ilẹ̀ òkèèrè.

Gloria padà sí Pọ́túgà, wọ́n sì tún fi í ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá orílẹ̀-èdè náà. Kò pẹ́ níbẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1983, ikọ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì na Pọ́túgà ní márùn-ún sí òdo ní Moscow, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1986 ló kú ní ẹni ọdún 69.

Nínú àwọn ọmọ tó kọ́ ní Èkó, Múdà Lawal kú ní 1991, Best Ogedegbe ní 2009, Christian Chukwu ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará ẹ̀yìn kan wà tí Gloria mú lọ sí Líbíà ní 1982, tó jẹ góòlù méjì nínú mẹ́ta tí Nàìjíríà fi na Etiópíà. Stephen Keshi ni orúkọ rẹ̀. Òun ni balógun ikọ̀ tó gba ife náà lẹ́ẹ̀kejì ní Tunis ní 1994, lábẹ́ Clemens Westerhof, tí Finidi George àti Emmanuel Amuneke tún fi wà létí ìlà lọ́tùn-ún àti lósì. Nígbà tí Keshi fúnra rẹ̀ di akọ́nimọ̀ọ́gbá, tó sì gba ife náà lẹ́ẹ̀kẹta ní Johannesburg ní oṣù Kejì ọdún 2013, ó ti lé ní ọdún 26 tí bàbá tó mú un lọ sí Líbíà ti kú.